Àwọn Tó Ń Gbọ́ Mi Lójú Ọ̀nà Mẹ́kà

Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, wọ́n ní kíláàsì mi nìyẹn. Mo ṣí i, mo rí àga kan, tábìlì kan, kámẹ́rà tó dojú kọ àga náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní iná wẹẹrẹ wẹẹrẹ lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wá nǹkan. Dókítà Sàmír, ará Íjíbítì tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wa, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà nínú ilé mìíràn, lẹ́yìn ògiri gíga tó wà lọ́hùn-ún. Obìnrin ni gbogbo wọn. Wọn yóò máa wò mí nínú tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n èmi kò ní rí wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò tẹ nǹkan kan níwájú ìjókòó rẹ̀, iná kan yóò tàn lára àpótí, n óò sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Títí di ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Títí wọn yóò fi gboyè," ló fèsì.

Mo jókòó, mo kí kámẹ́rà kú àárọ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún pípẹ́ ní Ìbàdàn, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn mìíràn ti ń dúró sójú fèrèsé nítorí pé àyè kún. Mo mọ ojú ẹni tó ń sùn, mo sì mọ ojú ẹni tó ń mi orí láìgbọ́ ohun kan. Níbí, dígí kámẹ́rà nìkan ló ń wò mí. Mo sọ̀rọ̀ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ títí àkókò fi tó, iná kankan ò tàn. Nígbà tí mo jáde, mo ń bi ara mi bóyá ènìyàn wà níbẹ̀ rárá.

Ilé wa wà ní Híndáwíyà, ní gúúsù Jẹ́dà, láàrin àwọn ilé àtijọ́ tó kún fún àjèjì bíi tiwa. Ọ̀dọ̀ Àlàájì Múfútáù ni mo dé sí, ọmọ Ìwó bíi tèmi, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì Mẹ́kà tí èmi náà ti ń kọ́ni. Òun ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí Mẹ́kà láràárọ̀. Ó ti pẹ́ ní ìlú náà débi pé bó bá fi Yorùbá pe àwọn ọmọ rẹ̀, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ. A máa bínú díẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín, a tún pe wọ́n.

Èmi rò pé mo gbọ́ Lárúbáwá. Ṣebí mo ka ilé kéwú dé ibi tó lápẹẹrẹ? Mo wọ bàkálà, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, láti ra búrẹ́dì, mo sọ gbólóhùn mi geere, gbogbo òfin rẹ̀ pé pérépéré. Ọkùnrin ará Yẹ́mẹ́nì tó ń tajà níbẹ̀ ya ẹnu sílẹ̀. Ó ké sí àbúrò rẹ̀ nínú ilé pé kó sáré wá gbọ́, ẹnì kan ń ra búrẹ́dì bí ìmáàmù tó ń ka kùtúbà. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n bu dàbínù fún mi lé e, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pè mí ní Ṣéù.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Láti kékeré ní Ìwó, ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n kọ́ wa láti máa kọjú sí bí a bá fẹ́ kírun. Bàbá mi a na ọwọ́ síbẹ̀, a ní, "Mẹ́kà wà lọ́hùn-ún." Mo ti gbà lọ́mọdé pé ẹ̀yìn igi káṣú tó wà lẹ́yìn ilé wa ni Mẹ́kà wà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kírun ọ̀sán ní Àbídíyà, níbi tí ọgbà yunifásítì wà lójú ọ̀nà Àráfà, mo tẹ́ ẹní mi sí ọ́fíìsì, mo kọjú sí ìlà-oòrùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Àlàájì Múfútáù di èjìká mi mú, ó rọra yí mi po.

"Ẹ ti kọjá Káábà, Dókítà," ló wí. "Ẹ̀yìn yín ló wà. Ìwọ̀-oòrùn là ń kọjú sí níbí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo kírun, ojú mi sì kọ sí ọ̀nà ilé. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, mo rò ó pé bí mo bá ń lọ tààrà láti ibi tí iwájú orí mi wà, n óò gba ẹ̀gbẹ́ Káábà kọjá, n óò la òkun àti aṣálẹ̀ já, n óò sì dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi. Gbogbo àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé ń kọjú sí mi nígbà márùn-ún lójúmọ́, èmi náà sì ń kọjú sí wọn. Mo pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ lórí ẹní ìrun náà á padà wọ kíláàsì. Sáà náà kò tíì dé ìdajì tí Dókítà Sàmír fi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó da tíì fún mi, ó fi ṣúgà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kíkorò ń bọ̀. Ó ní bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti wá fẹjọ́ sùn. Ọkùnrin náà ní ọmọ òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ tí wọ́n mú wá láti Áfíríkà, pé ó ń yára, ó sì ń fi ohùn yípo bí ẹni ń kọrin. Àwọn òbí mìíràn náà ti ń kùn.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ yín," ni Dókítà Sàmír wí. "Ṣùgbọ́n kí sáà yìí tó parí, n óò wá jókòó tì yín nínú yàrá yẹn. Bí mo bá rí i pé ọ̀rọ̀ yín ń yé wọn, a ó tún àdéhùn yín ṣe. Bí mi ò bá rí i, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Àdéhùn ọlọ́dún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ẹni tó wà lórí irú rẹ̀ kò lè mú ẹbí wá. Ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni ènìyàn tó lè gba físà fún ìyàwó àti ọmọ. Ìyàwó mi ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrètí yẹn, òun àti Àníkẹ́, ọmọ wa obìnrin kan ṣoṣo, ń gbé nínú yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí Dókítà Sàmír bá sọ pé rárá, èmi ni n óò padà sílé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun.

Mo pe ilé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Bàbá Àníkẹ́, ẹ ò jẹun," ni ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi fi kí mi. "Ohùn yín ti tín-ín-rín."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Wọ́n ní ẹ ń yára? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ yín náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ náà wà lẹ́yìn wọn?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Àlọ́ tí ẹ gbà sílẹ̀ fún un, tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ní ìgbà àkọ́kọ́ ó ní òun ò gbọ́ ohun tí dádì sọ. Mo tún un fi sí i. Ó tún ní kí n tún un fi sí i. Báyìí, òun ló ń sọ ọ́ fún mi, bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, á ní kí n padà sẹ́yìn. Ẹ ò jókòó níwájú òun náà kẹ̀. Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ò ní fóònù ni?"

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó bí ẹni pé n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti ń gbọ́ nípa nǹkan tí wọ́n ń pè ní pọ́díkáàsì, ètò bíi ti rédíò tí ènìyàn máa ń gbà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, tí á máa gbọ́ nígbà tó bá wù ú, tí á dá a dúró, tí á dá a padà. Mo rò pé àwọn oníròyìn àti aláwàdà ló ni ín. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé olùkọ́ lè fi kọ́ni, àfi ìgbà tí ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà fi hàn mí.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Híndáwíyà kì í dákẹ́, ẹ́síì tó ń mú ilé wa tutù sì ń ké bí ẹ̀rọ ọlọ́kà. Mo pa á, mo wọ àárín àwọn aṣọ tó so rọ̀, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo sì ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́ sínú fóònù nínú ooru Jẹ́dà. Àlàájì Múfútáù ṣí ilẹ̀kùn, ó wò mí títí.

"Dókítà, ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé kí n pe ìyàwó yín ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, Àlàájì."

"Nínú aṣọ mi?"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ èémí ni mò ń sọ nígbà tí ìpè ìrun Àsárì bẹ̀rẹ̀. Mọ́sálásí tó wà nítòsí ló kọ́kọ́ gbé e, ti ẹ̀yìn gbà á, ti ọ̀nà jíjìn gbà á, títí gbogbo ojú ọ̀run fi kún fún ohùn. Mo dákẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òógùn ń bò mí, mo ń gbọ́. Mi ò gé e kúrò. Nígbà tó parí, mo ní, "Ẹ wo bí ohùn ládàánì náà ṣe gùn tó lórí èémí kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe." Mo sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún Àníkẹ́.

Mo ń fi ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí ọjọ́ kíláàsì tó pé. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó, mo béèrè bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè. Àpótí wò mí, mo wo àpótí. Iná kan tàn lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi fò sókè, ẹni náà ní òun fẹ́ kí wọ́n dín ẹ́síì kíláàsì wọn kù. Síbẹ̀, inú mi dùn. Mo ti gbọ́ ohùn ènìyàn.

Bí sáà ṣe ń lọ sópin, Dókítà Sàmír tún ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá tó fẹjọ́ sùn ti padà wá. Mo wọ ọ́fíìsì náà. Ọkùnrin arúgbó kan dìde, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ohùn yẹn?" ló bi mí ní Lárúbáwá. "Mo rò pé ẹ tóbi jù báyìí lọ."

Wọ́n ń pè é ní Abú Fáísàl, ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Jẹ́dà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà yẹn, obìnrin kò tíì lè wakọ̀ ní ilẹ̀ Sáúdí, ọkùnrin kan ló gbọ́dọ̀ gbé e. Òun ló ń gbé ọmọ rẹ̀ láti Jẹ́dà wá sí Àbídíyà láràárọ̀, tó sì ń dúró dè é.

"Ọmọ mi máa ń fi ẹ̀kọ́ yín sí i láti ẹnu ọ̀nà ilé wa," ló wí. "Nígbà àkọ́kọ́, orí fọ́ mi. Mo ní kó pa á. Ó ní òun ò ní pa á, pé òun á máa dá a dúró, òun á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó túmọ̀ ti ẹ̀dọ̀fóró. Mo bi í ní ìbéèrè, kò mọ̀ ọ́n. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́, ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, tó máa ń dijú títí a ó fi dé!"

Dókítà Sàmír gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Kí wá ni ẹjọ́ tí ẹ wá rò lónìí?"

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú jù. Kì í gbé wa dé ibi tí ọlọ́pàá ti ń wo ìkámà, ìwé ìgbélùú àwọn àjèjì. Bó bá ti tán, ọ̀nà tó kù máa ń gùn." Ó yíjú sí mi. "Mo sì ní ìbéèrè tí ọmọ mi ò lè dáhùn. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ òkun. Kò sí èyí tí kì í sinmi. Ọkàn mi ti ń lù láti inú ìyá mi. Kí ló dé tí kò rẹ̀ ẹ́?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú ọwọ́ lórí àyà. Mo ní kó jẹ́ kí n dá a lóhùn lójú ọ̀nà.

"Gbogbo wa la óò gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹ kò mọ̀ pé a pọ̀?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ dúró ní òdìkejì títì tó wà níwájú ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin. Ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ nínú oòrùn. Àwọn bàbá wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àti àwọn awakọ̀ tí wọ́n gbà láti Pakísítáànì àti Bángíládẹ́ṣì. Àwọn obìnrin jáde nínú aṣọ dúdú, wọ́n wọ ọkọ̀, ilẹ̀kùn ń pa dé. Ọkọ̀ kan rọra gba iwájú mi kọjá, gíláàsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń jáde láti inú rẹ̀, tó ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Mo ní Súbúhánálláhì. Èmi tí mo rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi ní gbogbo ilẹ̀ yìí! Mo dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi lọ.

Ọ̀rọ̀ Abú Fáísàl kò yí ètò Dókítà Sàmír padà. Ó ní inú òun dùn sí bàbá náà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọbìnrin mọ̀ ni àwọn aláṣẹ yunifásítì yóò bi òun léèrè. Ó dá ọjọ́ tí yóò wá jókòó tì mí. Nítorí náà, ìdáhùn Abú Fáísàl ni ẹ̀kọ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí ọjọ́ náà tó pé. Mo mú ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà, mo yọ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń ki bọ etí, mo ki gbohùngbohùn kékeré bọ inú rọ́bà rẹ̀, mo fi pílásítà dì í, mo gbé e lé àyà mi. Kì-kì. Kì-kì. Kì-kì. Olùkọ́ ni mí, mo ti gbọ́ ọkàn púpọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo sọ fún wọn pé ọkàn ń sinmi lẹ́yìn gbogbo lílù rẹ̀, pé bí ara bá balẹ̀, ìsinmi rẹ̀ gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá sáré, ìsinmi yẹn ló máa ń kúrú jù lọ. Mo fi ohùn ọkàn mi sí i kí wọ́n máa gbọ́ títí dé ibi àyẹ̀wò ọlọ́pàá.

Ọjọ́ pé. Dókítà Sàmír gbé àga sí ẹ̀yìn mi, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn mi nítorí yàrá náà há. Mo kí kámẹ́rà. Mo béèrè bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè. Àpótí dúdú kirikiri. Mo gbọ́ bí Dókítà Sàmír ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

Iná kan tàn.

"Dókítà, bàbá mi ní kí n bi yín pé bí ọkàn bá ń sinmi, kí ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ ní àkókò yẹn?"

Mo bi òun náà padà. Ó ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti fẹ̀ ló ń sún kì, tí wọ́n ń tì í. Ó tọ̀nà. Iná mìíràn tàn: ẹ̀gbọ́n ẹni yìí ní kó béèrè nípa ẹni tó ń gun òkè. Òmíràn tàn: awakọ̀ wọn, ará Pakísítáànì, fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ẹni tó sùn ń sinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná méjì tàn pọ̀. Ẹni tó bá béèrè, ẹlòmíràn ń dá a lóhùn kí n tó ya ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń fò lókè orí mi, èmi tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì mi ò yé wọn, mo ń sáré wo iná.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iná kan tàn ní ìpẹ̀kun àpótí, èyí tí kò tàn rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

"Ta ló rán ọ?" ni mo fi ṣàwàdà.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Dókítà. Tèmi ni." Ohùn náà rọlẹ̀ gan-an. "Ọkàn tí ẹ fi sínú ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé tiyín ni?"

"Tèmi ni."

"Ẹ ní bí ara bá balẹ̀, ìsinmi rẹ̀ gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ léraléra. Ìsinmi tiyín kúrú. Ṣé ẹ sáré ni?"

Mo ti gbọ́ ohùn ọkàn náà fúnra mi, olùkọ́ iṣẹ́ ara, mi ò sì kíyè sí i.

"Mi ò sáré," ni mo wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, pé ọ̀rọ̀ mi ò yé yín."

Iná náà kò kú.

"Ó yé wa, Dókítà. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Dókítà Sàmír dìde lẹ́yìn mi. Ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó pa kámẹ́rà, ó sì jókòó sí etí tábìlì.

"Mo ti rí i. Ẹ pe ìyàwó yín," ló wí, ó sì jáde.

Mi ò tilẹ̀ kúrò lórí àga. Mo pè é. Ó gbé e, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu mi, èmi tí mò ń fi ohùn jẹun.

"Bàbá Àníkẹ́? Ẹ ń gbọ́ mi? Níbo lẹ wà?"

"Mo wà níbí," ni mo wí. "Ìwọ àti Àníkẹ́, ẹ máa bọ̀."